Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Alákòóso Kọ́píráìtì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ẹ Má Fi Òfin 1956 Sílẹ̀ fún Àwọn Erékùṣù Yín

Sí ọ̀gá àgbà Intellectual Property Office ní Newport, àti sí mínísítà tí iléeṣẹ́ náà wà lábẹ́ rẹ̀ nínú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Ọ̀rọ̀ òfin kọ́píráìtì ni mo bá wá, ìyẹn òfin tó ń sọ ẹni tó ni orin, ìwé, fíìmù àti fọ́tò, àti ohun tí ẹlòmíràn lè fi wọ́n ṣe. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yín ní Westminster ṣe òfin tuntun lórí rẹ̀ ní 1988, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1989. Ẹ ti tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ 14 ló ṣì wà lábẹ́ Adé yín lókè òkun, láti Bermuda títí dé Pitcairn, òfin 1988 kò sì lè dá ara rẹ̀ gbé dé ọ̀dọ̀ wọn. Àfi kí Ọba fọwọ́ sí àṣẹ kan nínú Ìgbìmọ̀ rẹ̀ kó tó rékọjá òkun. Níbi tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò bá dé, tí ìlú náà kò sì ṣe tirẹ̀, òfin kọ́píráìtì yín àtijọ́, ti 1956 tàbí ti 1911 pàápàá, ló ṣì ń jọba. Ohun tó ń bí mi nínú nìyí.

Onífọ́tò ni mí, ọmọ Yorùbá, London ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí yín ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo kọ èyí ní Yorùbá nítorí àwọn èèyàn wa tó ń kọrin, tó ń ṣe fíìmù, tó ń ya fọ́tò. Iṣẹ́ wọn ti ń dé àwọn erékùṣù yẹn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ irú òfin tó ń dúró dè é ní èbúté.

1. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sínú òfin pé kí èyí tó gbó má kúrò nílẹ̀.

Ẹ ṣí òfin 1988 sí àfikún àkọ́kọ́, ìpínrọ̀ 36. Ibẹ̀ lẹ ti kọ ọ́ pé ilẹ̀ tí òfin 1956 bá ti wà tẹ́lẹ̀, òun náà ni yóò máa lò títí àṣẹ mìíràn yóò fi dé. Ẹ sọ bákan náà nípa òfin 1911. Ní 1962 ni àṣẹ gbé òfin 1956 dé British Virgin Islands. Ní 1963 ó dé Falkland àti St Helena. Ní 1965 ó dé Montserrat àti Cayman.

Cayman nìkan ni ẹ wá ṣàánú fún nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí tí mo lè tọ́ka sí: ẹ ṣe àṣẹ tiwọn ní 2015, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2016. Láti 1989 sí 2016, ọdún 27 kù díẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ ní George Town, olú ìlú Cayman, ń lo òfin tí ẹ̀yin fúnra yín ti sọ pé kò dára tó fún ará London.

Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé Jersey. Mo mọ̀ pé ẹ kì í kà á mọ́ àwọn ilẹ̀ òkè òkun, ìsọ̀rí tirẹ̀ yàtọ̀ lábẹ́ Adé. Ṣùgbọ́n òfin 1911 ni wọ́n ń lò níbẹ̀ títí di oṣù kejìlá 2012, tí àwọn aṣòfin Jersey fi gbé tiwọn jáde. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko, ní erékùṣù tí ọkọ̀ òfuurufú ń ti London dé kí wákàtí kan àbọ̀ tó pé. Bí ẹni tó sún mọ́ yín tó bẹ́ẹ̀ bá lè dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún, kí ni ká sọ fún ará Falkland?

2. Ta ló ni fọ́tò?

Ẹ jẹ́ kí n dúró pẹ́ díẹ̀ níbí, nítorí iṣẹ́ mi ni. Òfin 1956 sọ ní abala 48 pé ẹni tí a ó kà sí oní-fọ́tò ni ẹni tó ni ohun tí wọ́n ya fọ́tò náà sí lásìkò tí wọ́n yà á. Fíìmù àti gíláàsì ayé ọjọ́un ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹni tó dúró de ìmọ́lẹ̀, tó mọ ibi tó yẹ kí ojú wà, tó mọ ìṣẹ́jú tó yẹ kó tẹ kámẹ́rà, òfin kò rí i. Abala 4 tún fi kún un pé bí ẹnì kan bá gbé iṣẹ́ fọ́tò fún ọ, tó sì sanwó tàbí tó ṣèlérí owó, òun ló ni kọ́píráìtì rẹ̀, àfi tí ẹ bá jọ ṣàdéhùn ohun mìíràn. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tí fọ́tò náà bá jáde, ẹ̀tọ́ tán.

Òfin 1988 fọ gbogbo èyí nù. Ní London lónìí, ẹni tó ya fọ́tò ló ni ín, ì báà jẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, àyàfi tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò tán títí dìgbà ayé rẹ̀, àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n gbé mi lọ sí ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù yẹn láti lọ ya ìgbéyàwó àwọn ọmọ Yorùbá méjì. Ẹni tó gba ètò ọjọ́ náà ṣe ló háyà mi. Òun ló sanwó fún mi, òun náà ló ra káàdì tí mo kì bọ inú kámẹ́rà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ ìyàwó tó lọ sinmi níbẹ̀ rí ìyàwó lára pátákó ìpolówó hòtẹ́ẹ̀lì kan, tòun ti gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. Wọn ò bi ìyàwó, wọn ò bi mí. Nígbà tí mo wá lọ́yà lọ níbẹ̀, òfin 1956 ló gbé síwájú mi. Ó ní olówó iṣẹ́ ló ni fọ́tò, olówó iṣẹ́ yẹn náà ló sì ni káàdì, nítorí náà mi ò rí ibi kankan fẹsẹ̀ lé. Ká ní ògiri London ni wọ́n so pátákó yẹn mọ́, èmi ni ǹ bá ni fọ́tò náà, ǹ bá sì ti ní kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Tèmi kéré. Nígbà tí ìjì Irma wó British Virgin Islands palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2017, àwọn ará ibẹ̀ tó wà nínú ìparun náà yọ fọ́ònù, wọ́n ya ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé wọn. Bí fọ́ònù náà bá jẹ́ ti ọ̀gá níbi iṣẹ́, tàbí tí wọ́n yá a lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, ta ni ẹni tí òfin 1956 máa pè ní oní-fọ́tò? Ẹ̀yin agbẹjọ́rò Newport, ẹ dá wa lóhùn. Ẹni tó pàdánù òrùlé rẹ̀ kò yẹ kó tún pàdánù àwòrán tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà.

3. Ẹni tó ń kọrin náà kò rí nǹkan gbà.

Abala 12 nínú òfin 1956 fún àwo orin ní ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ni àwo lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn sínú rẹ̀ ló gbé ẹ̀tọ́ náà lé lọ́wọ́. Ẹni tó kọrin, ẹni tó lu ìlù, òfin yẹn kò fún wọn ní ẹ̀tọ́ kankan lórí ohun tí wọ́n ṣe. Nílé yín, ẹ ti fún àwọn òṣèré ní ẹ̀tọ́ tiwọn. Láti oṣù kọkànlá 2013, ẹ ti fa ẹ̀tọ́ olórin lórí orin tó jáde gùn dé 70 ọdún.

Montserrat wá ńkọ́? Ilẹ̀ orin ni. Ibẹ̀ ni George Martin kọ́ AIR Studios sí ní 1979, tí àwọn gbajúmọ̀ olórin ayé ń wọ́ lọ gba orin sílẹ̀, títí ìjì Hugo fi bà á jẹ́ ní 1989. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Alphonsus Cassell tí gbogbo ayé mọ̀ sí Arrow, tí orin sókà rẹ̀ kan ti 1982 di èyí tí wọ́n ń jó sí káàkiri ayé. Nígbà tó di 1995, òkè ayọnáyèéfín jí. Eérú rẹ̀ bo Plymouth, olú ìlú wọn, ó sì lé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará ibẹ̀ kúrò ní erékùṣù náà. Ilé lọ, ọjà lọ, pápákọ̀ òfuurufú lọ. Orin wọn wà lára ìwọ̀nba ohun tó ṣẹ́ kù tí wọ́n lè gbé dání lọ sí ibikíbi tí wọ́n bá sá lọ. Ẹ̀tọ́ lórí orin yẹn ló yẹ kí ìjọba yín kọ́kọ́ tún ṣe fún wọn, kò sì béèrè bíríkì tàbí símẹ́ńtì, ìwé àti ìbuwọ́lù ni.

Àwa Yorùbá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní 1922, Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, wá sí London, ó kọ àwọn orin ìyìn Yorùbá sínú àwo fún iléeṣẹ́ àwo orin Zonophone. Òfin 1911 ló wà lóde nígbà náà. Abala 19 rẹ̀ sọ pé ẹni tó ni àwo ìpilẹ̀ ni a ó kà sí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà. Àlùfáà fi ohùn sílẹ̀, iléeṣẹ́ ló ni àwo. Ọdún 34 lẹ́yìn náà, òfin 1956 jáde, ọ̀rọ̀ ṣì wà níbi tó wà: olóhun-èlò ni olóhun gbogbo.

4. Òfin yín kò tíì gbọ́ pé íńtánẹ́ẹ̀tì wà.

Òfin 1956 mọ rédíò, ó mọ tẹlifíṣọ̀n. Ó tún mọ iṣẹ́ fífi wáyà gbé ètò rédíò wọ ilé àwọn tó ń san owó oṣù. Àwọn àgbà Èkó àti Ìbàdàn rántí àpótí Rediffusion tí wọ́n máa ń so mọ́ ògiri pálọ̀. 1935 ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ òfin 1956 nípa wáyà parí sí.

Ní 2022, wáyà abẹ́ òkun tí wọ́n ń pè ní Equiano gúnlẹ̀ sí Èkó. Wáyà yẹn kan náà ní ẹ̀ka tó yà sí St Helena, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún àwọn ará ibẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2023. Tẹ́lẹ̀, sátẹ́láìtì olówó gọbọi tó ń falẹ̀ ni wọ́n ń lò. Fíìmù tí wọ́n bá gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Surulere báyìí, ará Jamestown, olú ìlú St Helena, lè máa wò ó ní ìṣẹ́jú kan náà. Àǹfààní ńlá ni fún àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ní Jamestown bá gba fíìmù náà sílẹ̀, tó sì gbé e síta lórúkọ ara rẹ̀, abala wo ni ẹni tó ni ín fẹ́ nawọ́ sí? Òfin 1988, bí ẹ ṣe tún un ṣe ní 2003, sọ ní abala 20 pé ẹni tó gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìgbàṣẹ ti rú òfin. Òfin 1956 kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí wáyà ti 2023 dé bá òfin ti 1963 nílẹ̀.

Bí a bá sì mú ẹni tó ń ta ayédèrú nígboro, ẹ wo owó ìtanràn tí wọ́n kọ sí abala 21 òfin 1956: ṣílè ogójì lórí ẹyọ kan, kò sì gbọdọ̀ kọjá £50 lórí ọjà kan ṣoṣo. Pọ́n-ùn méjì ni ṣílè ogójì. Nílé yín, ẹ̀wọ̀n irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lè tó ọdún mẹ́wàá.

5. Olùkọ́ àti afọ́jú.

Kò sí ẹni tó ń rántí àwọn wọ̀nyí tí a bá ń sọ̀rọ̀ kọ́píráìtì, wọ́n sì wà lára àwọn tí ìyà yìí ń jẹ jù. Abala 41 òfin 1956 gba olùkọ́ láyè láti da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ fún ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ lo ẹ̀rọ àdàkọ. Ó lè fi ẹfun kọ ewì sára pátákó. Bó bá fi fọtokópì ṣe é fún ọmọ mẹ́wàá, ààbò abala yẹn kò sí fún un mọ́. Ní erékùṣù tí ìwé ń dúró de ọkọ̀ ojú omi kó tó dé, ẹ̀rọ fọtokópì ni ìwé kíkà àwọn ọmọ.

Ti afọ́jú tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdéhùn Marrakesh ti 2013 wà kí a lè sọ ìwé di bíréélì tàbí ohùn fún ẹni tí kò ríran láìsí pé a ń tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 2017. Ẹ̀yin náà wọ inú rẹ̀ fúnra yín ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2021. Nínú òfin 1956, kò sí ìlà kan tó dá àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún afọ́jú.

6. A ti gbé inú irú ilé yìí rí.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kan ọmọ Nàìjíríà nínú ọ̀rọ̀ British Virgin Islands. Ní 1912, àṣẹ láti London gbé òfin 1911 dé ọ̀dọ̀ wa, kí Lugard tó so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914. Wọn ò bi wa. Òfin yẹn la wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959. Òfin 1911 kò mọ ohun tó ń jẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Àwọn eléré tíátà wa, àwọn olórin àpàlà àti jùjú wa, inú òfin tí kò mọ iṣẹ́ wọn ni wọ́n ti ń fi òógùn jẹun. A gba òmìnira ní 1960, òfin yẹn kò kúrò. Ó di oṣù kejìlá 1970 kí Nàìjíríà tó ṣe tirẹ̀. Ọdún 58 ni.

Láti ìgbà náà a ti ṣe òmíràn ní 1988, òmíràn tún nìyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, tó sọ̀rọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì lójú ara rẹ̀. Mi ò sọ pé a ti dé èbúté ògo. Àwọn ayédèrú ṣì kún Alaba. Ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan kò bá dára, a mọ ilẹ̀kùn tí a máa kàn: Abùjá ni, a sì ní aṣojú níbẹ̀ tí a lè bú, tí a lè yọ nípò. Ará Falkland kò ní aṣojú kankan ní Westminster, ará Montserrat kò ní. Ìdí nìyẹn tí ẹrù tiwọn fi wúwo lọ́rùn yín ju bí ẹ ṣe ń gbé e lọ.

7. Èsì tí mo mọ̀ pé ẹ máa fún mi.

Ẹ máa sọ pé àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí ní ìjọba tiwọn, pé ẹni tó bá fẹ́ òfin tuntun, kó béèrè. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Bermuda ṣe tirẹ̀ ní 2004, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Bermuda lówó, ó sì ní lọ́yà rẹpẹtẹ. Àwọn ará Montserrat kò tó 5,000. St Helena lé díẹ̀ ní 4,000. Pitcairn kò tó 100. Òfin kọ́píráìtì yín ju 300 abala lọ tí a bá ka ti àwòrán ọjà àti páténtì mọ́ ọn. Ta ni yóò jókòó kọ ọ́ ní Pitcairn?

Mi ò sì sọ pé kí ẹ da òfin 1988 lódindi lé wọn lórí. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ìlú tó ní ilé ìkàwé kan ṣoṣo lè má fẹ́ kí ẹ̀tọ́ olówó ìwé ní New York gùn dé 70 ọdún lẹ́yìn ikú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Abala 157 tí ẹ fi ń na òfin náà dé òkè òkun gba aṣòfin ìbílẹ̀ láyè lórí ohun méjì péré: ọ̀nà tí ẹjọ́ ń gbà lọ àti àtúnṣe tí ilé ẹjọ́ lè ṣe fúnni, àti iṣẹ́ tó bá ìlú wọn tan. Olùkọ́ àti fọtokópì kò sí níbẹ̀. Afọ́jú kò sí níbẹ̀. Nǹkan mìíràn tún wà: àṣẹ tí ẹ bá ṣe lónìí yóò dì síbi tó wà. Bí Westminster bá tún òfin ṣe lọ́la, ti Cayman kò ní yí àfi tí ẹ bá tún kọ àṣẹ mìíràn. Bí ẹ kò bá tún ọ̀nà náà ṣe, ohun tí ẹ ṣe fún wọn ní 2016 náà yóò di òfin 1956 fún àwọn ọmọ wọn.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí, mo sì mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo ń béèrè rẹ̀.

Kí ẹ gbé àkójọ kan jáde fún aráyé, ní ojú ewé kan ṣoṣo, ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 14 náà àti òfin tó wà níbẹ̀ lónìí, kí oníṣẹ́ má máa sanwó lọ́yà kó tó mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́. Èyí kò gba ju oṣù mẹ́ta lọ.

Kí ẹ kọ̀wé sí ìjọba gbogbo ilẹ̀ tí òfin 1956 bá ṣì wà, kí ẹ sì fi agbẹjọ́rò ránṣẹ́ sí èyí tó bá fẹ́, lówó yín, láti bá wọn kọ tiwọn tàbí láti bá wọn yan èyí tí wọ́n fẹ́ nínú ti 1988. Kí wọ́n ka àbá náà lórí rédíò ìlú wọn, kí olùkọ́, apẹja tó ń kọrin, onífọ́tò àti òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé sọ tiwọn kí Ọba tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Kí ẹ̀tọ́ ẹni tó ya fọ́tò àti ẹni tó kọrin ṣáájú nínú gbogbo rẹ̀, kí àyè afọ́jú sì tẹ̀ lé e láìdúró de ìyókù.

Kí ẹ lọ tún abala 157 ṣe ní Westminster, kí aṣòfin ìbílẹ̀ lè fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ilé ìkàwé àti iye ọdún tí ẹ̀tọ́ máa fi wà. Kí ẹ sì fi kún un pé nígbàkígbà tí ẹ bá tún òfin ṣe nílé, kí ọdún kan tó pé, ẹ gbọ́dọ̀ bi àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí bóyá wọ́n fẹ́ ẹ, kí ẹ sì tẹ ìdáhùn wọn jáde.

Ẹ dá mi lóhùn ní gbangba, nítorí gbangba ni mo ti bi yín. Ẹ̀dà lẹ́tà yìí ń lọ sọ́dọ̀ àwọn aṣòfin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ òkè òkun ní Westminster, àti sọ́dọ̀ gómìnà kọ̀ọ̀kan tí ìjọba yín rán lọ síbẹ̀.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Onífọ́tò kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ní Peckham